Òjé kọ́ ni wọn yóò fi bo ilé orí òṣùpá

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Káfíńtà ni mí, Mushin ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ṣe ilẹ̀kùn yàrá X-ray fún àwọn kan ní Sùúrùlérè. Wọ́n ní ká tẹ́ òjé sáàárín plywood méjì. Ilẹ̀kùn náà wúwo débi pé èèyàn mẹ́rin ló gbé e sára férémù. Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé òjé yẹn ni kò ní jẹ́ kí ìtànṣán ẹ̀rọ náà jáde bá àwọn tó jókòó lóde. Ọmọ mi tó wà ní Yunifásítì Èkó wá ń sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé sórí òṣùpá, pé ìtànṣán ibẹ̀ ni wàhálà wọn. Mo ní kí ló le níbẹ̀, kí wọ́n fi òjé bo ilé náà yípo, ó parí. Ó fi mí rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò lè sọ ìdí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí òjé kò fi ní ṣiṣẹ́? Báwo ni wọn yóò ṣe ṣe ilẹ̀kùn ilé náà? Ìkẹta, ìyàwó mi ń ta léèsì ní Balógun, ó máa ń wọ bàálù lọ ra ọjà ní Guangzhou. Ọmọ yìí kan náà ló ní ìtànṣán yẹn ń bá wọn nínú bàálù. Ṣé kí n bẹ̀rù?

Ìdáhùn: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ náà, ẹ sì kú ìnáwó ọmọ. Ẹ má jẹ́ kó fi yín rẹ́rìn-ín mọ́, èrò yín bọ́gbọ́n mu fún ibi tí ẹ ti rí i. Èsì mi ní kúkúrú ni pé òjé kò ní gba àwọn ará òṣùpá là. Bí wọ́n bá tiẹ̀ tẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe tẹ́ ẹ, ó lè dá kún ìyà wọn. Omi, ọ̀rá àti iyẹ̀pẹ̀ ló ni iṣẹ́ náà.

X-ray tó wà nínú yàrá tí ẹ ṣe ilẹ̀kùn fún jẹ́ irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú kò lè rí. Iná mànàmáná ló ń bí i. Tí wọ́n bá pa súìṣì, kò sí mọ́. Ẹnu ẹ̀rọ nìkan ló ti ń jáde, a sì mọ ibi tí ẹnu ẹ̀rọ náà kọjú sí. Átọ́ọ̀mù ni èérún tíntìntín tí gbogbo nǹkan fi di nǹkan: kóró wà láàárín rẹ̀, electron sì ń yí i ká. Irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí electron tó wà lára átọ́ọ̀mù nǹkan bá ṣe pọ̀ tó ni nǹkan náà yóò ṣe gbé e mì tó. Electron 82 ló wà lára átọ́ọ̀mù òjé kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí òjé tí kò nípọn ju mílímítà kan tàbí méjì lọ fi ń ṣe iṣẹ́ tí ògiri búlọ́ọ̀kù ń ṣe.

Èyí tó wà lókè ọ̀hún yàtọ̀ pátápátá. Kóró átọ́ọ̀mù ni wọ́n, tí gbogbo electron ti bọ́ kúrò lára wọn, tí wọ́n ń sáré débi pé díẹ̀ ló kù kí eré wọn bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bíi 85 sí 90 jẹ́ proton kan ṣoṣo, ìyẹn kóró háídrójìn (proton àti neutron ni èérún tó ń wà nínú kóró). Bíi mẹ́wàá jẹ́ ti hílíọ̀mù. Bíi ẹyọ kan tó ṣẹ́kù ni kóró àwọn nǹkan tó wúwo, títí kan irin. Ẹ má fojú kéré ẹyọ kan yẹn o. Ìpalára tí kóró kan ń ṣe bó ṣe ń kọjá lára èèyàn máa ń ga pẹ̀lú iye proton inú rẹ̀ lọ́nà ìlọ́po ara rẹ̀: irin ní proton 26, nítorí náà kóró irin kan ń fi agbára sílẹ̀ lójú ọ̀nà ní ìlọ́po 676 ti proton kan tí eré wọn bá dọ́gba.

Ohun tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé lára àwọn ìràwọ̀ tó bú gbàmù ní ọ̀nà jíjìn ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń wá. Gbogbo igun ojú ọ̀run ni wọ́n ń gbà wá, lọ́sàn-án lóru, kò sì sí súìṣì tí ẹnì kankan lè pa. Ní ti agbára, ẹyọ X-ray kan nínú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ní bíi 100 keV (ìdíwọ̀n agbára ni keV, mílíọ̀nù kan rẹ̀ ló wà nínú GeV kan). Proton òfuurufú tó wọ́pọ̀ ní bíi 1 GeV. Ìlọ́po ẹgbàárùn-ún nìyẹn, 10,000.

Kí irú proton bẹ́ẹ̀ wá lọ kọlu òjé. Kóró òjé tóbi: proton 82 ló wà nínú rẹ̀, neutron tó wà níbẹ̀ sì lé ní 120. Ìkọlù yẹn máa fọ́ ọ yángá ni, neutron àti àfọ́kù oríṣiríṣi yóò tú jáde, wọn yóò sì máa bá eré lọ sínú ilé. Ẹ wo ẹni tó ju òkò lu fèrèsé gíláàsì: òkúta kan ṣoṣo ló wọlé, àmọ́ ọgọ́rùn-ún àfọ́kù ló bá àwọn tó jókòó sínú yàrá. Ohun tí òjé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń ṣe fún ìtànṣán òfuurufú nìyẹn. Kí òjé tó lè nípọn tó láti gbé àfọ́kù ara rẹ̀ mì, yóò ti wúwo ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbé kúrò nílẹ̀ ayé.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo yìí ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ẹrù tó ń lọ sókè, kìlógíráàmù ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀, nítorí náà ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé kìló kan ti nǹkan wo ló ń ṣiṣẹ́ jù. Electron ló ń dá proton dúró lójú ọ̀nà: bó ṣe ń kọjá lára wọn ló ń fi agbára rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nínú kìló òjé kan, electron tó wà níbẹ̀ kò tó ìdajì èyí tó wà nínú kìló háídrójìn kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kóró háídrójìn kò ní neutron kankan nínú, proton kan ṣoṣo ni, kò sí ohun tó fẹ́ fọ́ jáde láti ibẹ̀. Bí neutron bá sì ti ibòmíràn wá, háídrójìn ni ọ̀gá rẹ̀, torí ìwọ̀n àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tí wọ́n bá kọlu ara wọn lẹ́ẹ̀kan, bíi ìdajì agbára neutron náà ló ń lọ. Tó bá kọlu kóró òjé, yóò kàn ta padà pẹ̀lú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo agbára rẹ̀, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Háídrójìn fúnra rẹ̀, gáàsì ni, kò ṣeé fi mọ ògiri. Ohun tó ní in lára púpọ̀ la ó wá. Ẹ wo pure water tí wọ́n ń tà kiri ní Ojúẹlẹ́gba. Omi inú rẹ̀, méjì nínú átọ́ọ̀mù mẹ́ta ni háídrójìn. Ọ̀rá tí wọ́n fi dì í ń jẹ́ polyethylene, átọ́ọ̀mù háídrójìn méjì ló sì wà fún káábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Kìlógíráàmù kan sí kìlógíráàmù kan, àpò pure water yóò ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa ju òjé lọ. Mi ò ṣàwàdà. Ní International Space Station, ilé ìwádìí tó ń yí ayé ká lókè, wọ́n ti fi polyethylene kún ògiri ibi tí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ń sùn. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀ náà wà láàárín: ó sàn ju òjé, kò tó omi.

Ẹ lè wá ní kí wọ́n kúkú fi omi mọ ògiri. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ mú kọ̀ǹtéínà ẹsẹ̀ bàtà 20, irú èyí tó ń jáde ní Àpápá lójoojúmọ́. Kí a fi omi tó nípọn ní mítà kan yí i ká, lókè, nísàlẹ̀ àti ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Omi yẹn yóò lé ní tọ́ọ̀nù 120. Rọ́kẹ́ẹ̀tì SLS tí NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi rán Artemis I, ìrìn-àjò òṣùpá tí kò ní èèyàn nínú, lọ ní ọdún 2022, bíi tọ́ọ̀nù 27 ló lè gbé gba ọ̀nà òṣùpá lọ. Rọ́kẹ́ẹ̀tì márùn-ún nìyẹn, fún omi ògiri yàrá kan tí kò ju kọ̀ǹtéínà lọ. Síbẹ̀ mítà kan kò ní dá gbogbo rẹ̀ dúró, nítorí proton 1 GeV lè la omi tó jìn ju mítà mẹ́ta lọ kó tó rẹ̀ ẹ́, bí kò bá kọlu kóró kankan lójú ọ̀nà.

Àwa tó wà nílẹ̀ ńkọ́? Afẹ́fẹ́ tó wà lórí Mushin, bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè pátápátá, bíi tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ló wà lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan. Omi tó jìn ní mítà mẹ́wàá ló dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Abẹ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí gbogbo wa sí. Lókè rẹ̀ tún ni òòfà ayé wà, tó ń darí ọ̀pọ̀ nínú àwọn kóró yìí gba ibòmíràn. Òòfà náà sì ń ṣe dáadáa jù fún àwọn tó wà nítòsí ìlà tó pín in sí méjì, ìlà yẹn sì gba apá àríwá Nàìjíríà kọjá. Òṣùpá kò ní afẹ́fẹ́, kò sì ní òòfà tó já mọ́ nǹkan. Mars ní afẹ́fẹ́ díẹ̀, àmọ́ kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ti wa.

Àárín gbùngbùn ọ̀rọ̀ nìyí, tí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé yóò tètè lóye: ohun èlò ìkọ́lé ti wà nílẹ̀ níbẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ òṣùpá kò ní háídrójìn púpọ̀, kò dára tó omi, àmọ́ kò sẹ́ni tó san owó rọ́kẹ́ẹ̀tì lé e lórí. Bí wọ́n bá kó o jọ lórí ilé kan tó nípọn ní mítà méjì sí mẹ́ta, ìtànṣán tó ń wọlé yóò sún mọ́ ohun tí èèyàn lè fara mọ́ fún ọdún pípẹ́. Ìdajì mítà kò tó o. Ní December 1972, àwọn ará Amẹ́ríkà tó bá ọkọ̀ Apollo 17 lọ sórí òṣùpá gbẹ́ ihò tó jìn tó bíi mítà méjì sínú ilẹ̀ òṣùpá, wọ́n sì ki ọ̀pá kan bọ ibẹ̀ láti fi ka neutron. Ohun tí wọ́n rí ni pé neutron ń pọ̀ sí i bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀, kó tó wá di pé ó ń dínkù nísàlẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti òjé: iyẹ̀pẹ̀ òkè ló ń fọ́ kóró, tísàlẹ̀ ló ń gbé àfọ́kù mì. Ẹni tó bá fi iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bo ilé rẹ̀ kàn ra wàhálà ni.

Ẹ óò ní òrùlé wo ló fẹ́ gbé iyẹ̀pẹ̀ mítà mẹ́ta? Lọ́dọ̀ wa níbí, ó ti wó. Iyẹ̀pẹ̀ yẹn yóò tó tọ́ọ̀nù márùn-ún lórí mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Àmọ́ ohun gbogbo lórí òṣùpá ń wúwo ní ìdá kan nínú mẹ́fà bó ṣe ń wúwo níbí, nítorí náà ẹrù náà kò ní ju ohun tí kò tó tọ́ọ̀nù kan ń ṣe lórí òrùlé Mushin. Ohun tó tún dùn mọ́ mi jù ni pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún sínú ilé náà kí àwọn èèyàn lè mí ń ti òrùlé sókè látinú. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú ti Èkó, agbára tó fi ń tì í tó tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lórí mítà kan níbùú lóròó, torí kò sí afẹ́fẹ́ lóde tó ń tì í padà. Wíwó kọ́ ni birikilà òṣùpá yóò máa bẹ̀rù bí kò ṣe bíbẹ́, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó lé e sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀. Ìdí rèé tí àwọn kan fi fẹ́ fi aṣọ líle ṣe ilé náà, kí wọ́n fún un bíi táyà, kí ẹ̀rọ wá kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

Àwọn míì ní kí wọ́n má tiẹ̀ kó iyẹ̀pẹ̀ rárá, kí wọ́n wá ihò wọ̀. Ní 2009, ọkọ̀ Kaguya ti àwọn ará Japan ya àwòrán ihò kan ní agbègbè Marius Hills lórí òṣùpá, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó bíi mítà 50. Ní 2024, àwọn onímọ̀ kan tún fi ẹ̀rí radar hàn pé ihò òṣùpá míì tó wà ní agbègbè Mare Tranquillitatis ní ọ̀nà abẹ́lẹ̀ tó yà kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀. Àpáta tó nípọn gan-an ni òrùlé irú ibẹ̀. Ìmọ̀ràn yẹn dáa, bí ẹ bá bi mí, àmọ́ ìrandíran wa ni yóò gbé e. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ kò ní fẹ́ fi okùn sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ sínú kòtò tí kò mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ilẹ̀kùn, tí í ṣe ìbéèrè yín kejì. Níbi iṣẹ́ tí ẹ ṣe, ilẹ̀kùn ni ibi tí ìtànṣán ti máa ń yọ́ jáde: ìdí kọ́kọ́rọ́, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ojú ìṣó, ibi tí òjé méjì ti pàdé tí wọn kò gun ara wọn. (Bí wọ́n bá tún gbé irú rẹ̀ wá, ẹ jẹ́ kí òjé ilẹ̀kùn gun òjé férémù níbi tí wọ́n ti pàdé, kí ẹ sì fi òjé bo orí gbogbo ìṣó tó bá la òjé kọjá.) Lórí òṣùpá, kò sẹ́ni tó lè ṣe ilẹ̀kùn tó nípọn ní mítà mẹ́ta kó sì ṣí i pa á. Nítorí náà wọn kò ní béèrè iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ilẹ̀kùn. Ọgbọ́n tí wọn yóò lò ti wà nílé ìwòsàn níbí. Yàrá tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ńlá sun àrùn jẹjẹrẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n fún ní ọ̀nà kọ́rọ́kọ̀rọ tó ṣẹ́ kọ́nà kó tó dé ìdí ẹ̀rọ. Ìtànṣán kò mọ bí a ti ń yà ní kọ́nà. Ó gbọ́dọ̀ lu ògiri, kó ta, kó tún lu òmíràn, agbára rẹ̀ sì ń lọ ní gbogbo ìgbà tó bá ta.

Ilé òṣùpá yóò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì tó tẹ̀lé ara wọn, fún afẹ́fẹ́, kó má bàa jò dànù. Irin fẹ́ẹ́rẹ́ ni méjèèjì. Láàárín ilẹ̀kùn àti ibi tí wọ́n ń sùn, ọ̀nà abẹ́ iyẹ̀pẹ̀ tó ṣẹ́ kọ́nà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Òfin tó wà níbẹ̀ kò le: ẹni tó bá dúró sí ibùsùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ lè rí ojú ọ̀run gba ẹnu ọ̀nà. Ibi tí a bá ti lè rí ọ̀run ni kóró ń gbà wọlé. Fèrèsé? Ẹ gbàgbé fèrèsé. Kámẹ́rà ni wọn yóò máa fi wòta.

Oòrùn náà ní tirẹ̀, ó sì yàtọ̀ sí gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó máa ń bú jáde, á sì da proton sínú òfuurufú fún wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ díẹ̀. Ní August 1972, irú ìjì bẹ́ẹ̀ jà. Apollo 16 ti dé láti òṣùpá ní April, Apollo 17 kò tíì lọ. Bó bá bá èèyàn níta lórí òṣùpá pẹ̀lú aṣọ ìrìn-àjò nìkan lára rẹ̀, èébì àti àìsàn ìtànṣán ni ì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é láàárín wákàtí díẹ̀. Orí ló yọ wọ́n.

Ìjì oòrùn rọrùn láti dá dúró ju ti ìràwọ̀ lọ, torí agbára proton rẹ̀ kéré. Omi tàbí ẹrù tó nípọn ní ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nítorí náà wọn kò nílò láti bo gbogbo ọkọ̀. Igun kan tó há ni wọ́n ń wá tí gbogbo wọn yóò sá sí. Nínú Orion, ọkọ̀ tí NASA ṣe fún òṣùpá, ohun tí wọ́n pinnu dùn mọ́ mi nínú: àwọn èèyàn náà yóò wọ inú àyè ìkẹ́rùsí tó wà nísàlẹ̀ ìjókòó, wọn yóò sì to àpò oúnjẹ, omi àti ẹrù yòókù yí ara wọn ká. Wọn kò fi kìlógíráàmù kan kún ọkọ̀. Ẹrù tí wọ́n kúkú ń gbé lọ ló di ògiri.

Wọ́n ti dán an wò díẹ̀. Ní November 2022, Artemis I gbé ère méjì lọ yí òṣùpá ká, Helga àti Zohar, tí wọ́n fi ike ṣe bí ara obìnrin, tí ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán sì kún inú wọn. Zohar wọ ẹ̀wù ààbò tí wọ́n ń pè ní AstroRad, Helga kò wọ nǹkan kan. Àwọn ẹ̀rọ inú ọkọ̀ náà tún fi ohun kan hàn tí kò ná wọn ní kọ́bọ̀: nígbà tí ọkọ̀ ń la ìgbànú ìtànṣán tó yí ayé ká kọjá, yíyí tó yí ara rẹ̀ padà nìkan mú kí ìtànṣán tó ń wọlé dínkù sí bíi ìdajì. Ìgbànú yẹn kì í dọ́gba ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, nítorí náà ibi tí ọkọ̀ bá kọ ara tó nípọn sí ṣe pàtàkì.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní iye díẹ̀. Ìdíwọ̀n tí a ń lò ni millisievert, mSv. Èèyàn lásán láyé ń gba bíi 2.4 mSv lọ́dún láti ara ilẹ̀, afẹ́fẹ́, oúnjẹ àti òkè. Òṣìṣẹ́ yàrá X-ray, òfin kò fẹ́ kó gba ju 20 lọ lọ́dún ní ìpíndọ́gba ọdún márùn-ún. Ẹ̀rọ tí àwọn ará China gbé sórí òṣùpá pẹ̀lú Chang'e 4 ka bíi 1.37 lójúmọ́ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ Curiosity, nígbà tó ń lọ sí Mars ní 2011 àti 2012, ka bíi 1.8 lójúmọ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tó gúnlẹ̀, ó di bíi 0.67, torí ilẹ̀ Mars fúnra rẹ̀ dí ìdajì ojú ọ̀run, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ṣe díẹ̀. NASA ní kí arìnrìn-àjò òfuurufú kankan má gbà ju 600 lọ ní gbogbo ayé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ pín in: ẹni tó bá ń gbé lórí òṣùpá láìní ààbò yóò lo iye yẹn tán ní bíi oṣù mẹ́rìnlá. Ẹni tó bá lọ sí Mars tó sì padà, oṣù mẹ́fà àlọ àti oṣù mẹ́fà àbọ̀, ti kọjá rẹ̀ lójú ọ̀nà nìkan, kó tó ka ọjọ́ tó lò níbẹ̀.

Kí ló ń ṣe fún ara? Ó ń já okùn DNA, ìyẹn okùn méjì tó lọ́ mọ́ra tí ìlànà ìṣẹ̀dá ara wà nínú rẹ̀, kóró tó wúwo sì lè já okùn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara kò ní lè tún un ṣe dáadáa. Jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọdún pípẹ́ ni ẹ̀rù tó ga jù. Ojú tó ń fọ́ nítorí cataract àti àrùn ọkàn tẹ̀lé e. Láti ìgbà Apollo 11 ni àwọn tó lọ ti ń ròyìn pé bí àwọn bá pajú dé nínú òkùnkùn, àwọn ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà. Àwọn kóró yẹn ló ń gba ẹyinjú wọn kọjá.

Àwọn kan ń gbèrò láti fi òòfà ńlá yí ilé tàbí ọkọ̀ ká bí ayé ti ṣe. Lórí ìwé, ó dára. Àmọ́ wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù ju ohunkóhun tí ẹ mọ̀ lọ, irin tó fẹ́ dì í mú wúwo, iná rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ lọ. Ará Èkó ni mí, mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ tí wọ́n bá ní iná kò gbọdọ̀ lọ.

Ní tèmi, ilé orí òṣùpá ṣeé ṣe, iyẹ̀pẹ̀ ló máa dáàbò bò ó, kò sì sí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tuntun kan tó kù ká wá kiri fún un, iṣẹ́ agbára ló kù. Ọ̀nà Mars ni mi ò tíì fọwọ́ sí. Kò sí iyẹ̀pẹ̀ lójú ọ̀nà. Ohun tó kù ni kí wọ́n yára, torí bí ìrìn-àjò bá dín ní ìdajì, ìtànṣán náà dín ní ìdajì. Wọ́n tún lè yan ọdún tí oòrùn ń ṣiṣẹ́ gan-an, torí nígbà yẹn òòfà rẹ̀ máa ń lé díẹ̀ nínú kóró ìràwọ̀ padà; àyípoyípo yẹn ń gba bíi ọdún 11. Àmọ́ ọdún yẹn gan-an ni oòrùn ń bú jáde jù. Ní May 2024, irú ìbújáde bẹ́ẹ̀ bá Curiosity lórí Mars, ohun tó sì kà níbẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú X-ray àyà 30 lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà ẹni tó bá yan ọdún oòrùn gbọ́dọ̀ ní igun ìsásí tó dájú.

Ó ku ìyàwó yín. Òótọ́ lọmọ yín sọ: níbi tí bàálù ń fò, ní bíi kìlómítà 10 sí 12 lókè, bíi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún afẹ́fẹ́ ti wà nísàlẹ̀ wọn, kò sí lórí wọn mọ́ láti dáàbò bò wọ́n. Àmọ́ òòfà ayé ṣì wà níbẹ̀, ọ̀nà tí èèyàn sì ń gbà láti Èkó lọ sí gúúsù China kò jìnnà sí àárín ayé, níbi tí òòfà náà ti ń ṣe dáadáa jù. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ lápapọ̀, mo ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bíi 0.1 mSv, ìyẹn bíi X-ray àyà kan. Àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù tó ń fò ní gbogbo ìgbà lè gba 2 sí 5 lọ́dún, iṣẹ́ wọn sì ń lọ. Bí ìyá àwọn ọmọ yín bá lọ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, kò tíì tó ìdajì mSv kan. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ kàn sọ fún un pé jíjókòó fún wákàtí pípẹ́ láìdìde lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì sí i lẹ́sẹ̀, kó máa dìde rìn nínú bàálù, kó sì máa mu omi.